Ẹrù Onífọ́tò: Láti Ìgbà Awo Gíláàsì Dé Ṣómólú àti Bàrígà

Ṣómólú àti Bàrígà wà láàárín ọ̀nà Ìkòròdú àti ọ̀sà Èkó. Lápá ìwọ̀-oòrùn, láti Fàdéyì dé Onípàánù, ilé ìtẹ̀wé ló pọ̀ lọ súà. Lápá ìlà-oòrùn, ilẹ̀ ń rọra wálẹ̀ títí tó fi kan omi, níbi tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn ti ń pẹja, tí wọ́n sì ti ń wa yanrìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbé kámẹ́rà rìnrìn-àjò wọ Èkó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń kan ibẹ̀: àwọn kan ń wá ohun tí wọn yóò yà, àwọn mìíràn ń wá ẹni tí yóò bá wọn tẹ ohun tí wọ́n ti yà. Iṣẹ́ wọn ti wà nílẹ̀ kí Ṣómólú tó di ìgboro, ẹrù wúwo ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris, ọ̀nà tí ó ń gbà ya àwòrán sójú awo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Kò tó ọdún 15 lẹ́yìn náà tí kámẹ́rà fi dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Augustus Washington, tó ti ní ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Hartford ní Amẹ́ríkà, kó lọ sí Liberia ní 1853. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Sierra Leone, Gambia àti Senegal, tó ń ya ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, tó sì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ síwájú.

Ẹrù yẹn kò kéré. Lẹ́yìn 1851, tí Frederick Scott Archer gbé ọ̀nà tuntun jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú gíláàsì ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Onífọ́tò yóò da oògùn tó ń lẹ̀ pẹ̀kípẹ̀kí sójú gíláàsì, yóò rì í bọ inú omi èròjà fàdákà nínú òkùnkùn, yóò kì í bọ kámẹ́rà nígbà tó ṣì tutù, yóò ya àwòrán, yóò sì sáré fọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ, ooru etíkun kì í sì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìlú òkèèrè ní láti gbé yàrá òkùnkùn rẹ̀ dání: àgọ́ dúdú, ìgò oògùn, omi tó mọ́, àpótí gíláàsì, kámẹ́rà onípákó àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé e dúró. Aláàárù ló ń rù ú. Ìdí nìyí tí fọ́tò àtijọ́ fi kún fún ilé ìjọba, ọkọ̀ tó so mọ́ èbúté, àti ọba tàbí ìjòyè tó jókòó láìmira. Ọjà kò lè dúró de kámẹ́rà. Ẹni tó bá ń rìn kọjá nígbà tí ojú lẹ́ǹsì ṣí sílẹ̀ kì í hàn rárá, tàbí kó rí bí èéfín. Ẹni tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lónìí lè rò pé ìlú dá páropáro, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun èlò tí onífọ́tò gbé dání ló pa àwọn èrò rẹ́.

Láàárín 1870 sí 1900, ìdílé kan ní Accra sọ ìrìn yìí di òwò ilé. Gerhardt Lutterodt àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ etíkun láti èbúté dé èbúté, wọ́n ń gba yàrá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń ya àwọn oníṣòwò àti àwọn olóyè, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú. Ìrìn wọn dé Cameroon àti erékùṣù Fernando Po. Accra náà ni Neils Walwin Holm ti wá kó tó di gbajúmọ̀ onífọ́tò ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún 19; nígbà tó yá, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di lọ́yà.

Èyí tó yẹ kí onífọ́tò arìnrìn-àjò mọ̀ jù nínú ìtàn ìgbà náà ni ti ọmọ Yorùbá kan, Herzekiah Andrew Shanu. Agbègbè Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1858. Ní 1884 ó lọ sí Congo, ó wọṣẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ lábẹ́ àwọn tí Leopold Kejì, ọba Belgium, rán lọ síbẹ̀. Ní 1893 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boma, ó sì ń ya fọ́tò. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Le Congo illustré, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Belgium láti fi ìṣàkóso ọba náà ṣe ẹwà lójú ará ilé. Nípa báyìí, fọ́tò Shanu ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ rere. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣèwádìí ìwà ìkà tó ń lọ ní Congo ní 1903, Shanu fún un ní ẹ̀rí nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ó fi ìwé ránṣẹ́ sí E. D. Morel tó ń gbógun ti ìṣàkóso náà. Àṣírí tú. Ìjọba pàṣẹ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, òwò rẹ̀ wó, ó sì para rẹ̀ ní 1905.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ní May 1904, ìyàwó ajíhìnrere kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alice Seeley Harris, ya ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nsala ní abúlé Baringa ní Congo (orúkọ náà fẹ́ jọ ti Bàrígà, ṣùgbọ́n wọn kò bára tan). Nsala jókòó, ó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà gé. Wọ́n gbé fọ́tò náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi iná ju àwòrán rẹ̀ sára aṣọ funfun nínú ìpàdé, wọ́n sì ń sọ orúkọ bàbá náà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó fà á. Kámẹ́rà Shanu kò burú ju ti Harris lọ. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán àti ẹni tí wọ́n gbé e fún ló yàtọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí Harris lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú igbó ni awo gbígbẹ. Richard Leach Maddox ló ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní 1871, nígbà tó fi oògùn inú gẹlatíìnì pa gíláàsì tí kò ní láti tutù mọ́. Onífọ́tò lè ra awo náà nínú páálí, kó yà á lónìí, kó sì fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àgọ́ dúdú bọ́ kúrò lórí aláàárù. Ní 1888, George Eastman ta Kodak àkọ́kọ́, àpótí kékeré tí fíìmù inú rẹ̀ gba àwòrán 100. Ní 1900 ni Brownie dé, tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan péré ní Amẹ́ríkà. Ní Èkó, àwọn awo gíláàsì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́. George S. A. da Costa, tó ti jẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé CMS títí di 1895 kó tó sọ fọ́tò di iṣẹ́, ya àwòrán fún ìjọba nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ojú irin ní Àríwá. Ọkọ̀ ojú irin yìí náà ló wá ń ru ẹrù onífọ́tò dípò aláàárù. Púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé The Red Book of West Africa tó jáde ní 1920.

Ṣómólú àti Bàrígà kò tíì sí nínú àwọn fọ́tò yẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Títí di 27 May 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni àwọn àdúgbò wọ̀nyí wà, lẹ́yìn ààlà ìlú Èkó gan-an. Owó ilé ibẹ̀ kò wọ́n bíi ti Erékùṣù, ìyẹn ló sì fa káfíńtà, télọ̀, tíṣà àti akọ̀wé. CMS Grammar School, tó ti wà ní Èkó láti 1859, kó dé Bàrígà ní 1959; Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Àkọkà ló sì fìdí kalẹ̀ sí. Ibi tí ọmọ iléèwé àti akọ̀wé bá pọ̀ sí, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù kò lè ṣaláì pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́bàá ọ́fíìsì àti ẹnu ọ̀nà iléèwé ni àwọn oní wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó sí nígbà náà. Kámẹ́rà wọn jẹ́ àpótí onípákó tó ní aṣọ dúdú lára bí apá ẹ̀wù. Onífọ́tò kò lo fíìmù. Bébà ló fi sínú àpótí náà. Yóò ṣí ojú lẹ́ǹsì, yóò ka iye tó yẹ sínú, yóò pa á dé, yóò wá ti ọwọ́ bọ inú aṣọ dúdú náà, níbi tí abọ́ oògùn méjì wà, yóò fọ bébà náà láìfi ojú rí i. Èyí tó bá jáde, àwòrán òdì ni: ojú funfun, irun funfun, ẹ̀wù dúdú. Ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó kékeré níwájú lẹ́ǹsì, yóò ya òdì náà lẹ́ẹ̀kejì, òdì òdì á sì di ojú ènìyàn gidi. Kámẹ́rà àti yàrá òkùnkùn di ohun kan ṣoṣo tí ẹnì kan lè gbé lé orí kẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo ohun èlò arìnrìn-àjò tí ìtàn yìí kàn, kò sí èyí tó mọ́gbọ́n wá tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ìtàn fọ́tò sábà máa ń fò ó dá.

Nínú ilé fọ́tò, ètò ibẹ̀ yàtọ̀. Ní 1975, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé àwọn àgbà ní bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kí wọ́n ya àwọn: kí wọ́n jókòó tààrà, kí wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ lórí orúnkún, ara pé láti fìlà dé bàtà. Onífọ́tò tó bá gé ẹsẹ̀ ènìyàn kúrò nínú àwòrán yóò gbọ́ èébú. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n lè ya èyí tó kù, kí wọ́n tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Kì í ṣe onífọ́tò nìkan ló ń pinnu ohun tí àwòrán yóò sọ. Ẹni tí wọ́n ń yà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àjèjì tó bá wá fi kámẹ́rà jí ojú ènìyàn yà lójú ọ̀nà ń tẹ òfin tó ti pẹ́ yìí lójú, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n kun ọ̀dà sí tún sọ ilé fọ́tò di ibùdókọ̀ òfuurufú. Àtẹ̀gùn, ọgbà òdòdó, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, bàálù: ẹni tí kò kúrò ní Èkó rí lè rán fọ́tò ìrìn-àjò sí ìyá rẹ̀ lábúlé. Philip Kwame Apagya ní Ghana ló wá sọ irú aṣọ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ di ohun tí àwọn ilé àfihàn ní Yúróòpù ń rà.

Ní 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ra Brownie D tí kò ní fíláàṣì. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀. Kámẹ́rà tí kò ní fíláàṣì kò ní ọ̀nà méjì: ìta, nínú oòrùn, ni wọ́n ti ń lò ó. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV. Ní 1963 ó wá sí Èkó lọ́dọ̀ West Africa Publicity. Ní 1967 ó dara pọ̀ mọ́ Nigerian Arts Council. Ìgbìmọ̀ yìí ló sọ ọ́ di arìnrìn-àjò tòótọ́, nítorí ó ń bá wọn lọ síbi ayẹyẹ àṣà káàkiri orílẹ̀-èdè. Láti 1968 ló ti ń ya irun obìnrin, láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, ibi tó wà lẹ́yìn orí náà ṣófo, kò sí ohun tó ń fa ojú kúrò lára orí. Ó ń yà wọ́n lójú pópó, níbi ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì. Ó tó bíi 1,000 irun tó yà kó tó kú ní February 2014.

Ohun tó mú iṣẹ́ Ojeikere yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń ya ohun tó wù ú ni pé ó ń béèrè orúkọ. Irun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àwọn onídìrí ń pè é: Àbẹ̀bẹ̀, Onílé Gogoro, Ṣùkú, àti Mkpuk Eba ti àwọn ará Calabar. Irun kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tú u. Ó kọ orúkọ àti ọdún sílẹ̀, iṣẹ́ àwọn onídìrí tí à bá ti gbàgbé sì di ohun tí ayé wò ní Paris ní 2000 àti ní Venice ní 2013. Ní 1975 ló ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀, Foto Ojeikere, ní Èkó.

Pierre Verger, ará Faransé, ti ṣe irú iṣẹ́ Ojeikere yìí ṣáájú, ní ọ̀nà tirẹ̀. Rolleiflex ló fi rin ayé láti àwọn ọdún 1930. Ẹ̀rọ náà gba fíìmù tí àwòrán 12 péré wà nínú rẹ̀, inú ẹ̀rọ lójú onífọ́tò sì wà, kì í gbé e bo ojú. Láti òpin àwọn ọdún 1940 ló ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Bahia ní Brazil àti ilẹ̀ Yorùbá, ó tẹ́fá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúnmbí. Àwọn fọ́tò òrìṣà tó yà kò lè wáyé lọ́wọ́ ẹni tó dé lánàá tí yóò lọ lọ́la, kámẹ́rà yòówù kó gbé dání.

Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ gba ìgboro, ìṣòro mìíràn dé. Káàdì tí àwọn ilé ìfọ̀-fọ́tò fi ń tún àwọ̀ ṣe, obìnrin òyìnbó ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Shirley. Bí ojú tirẹ̀ bá ti dára, ó tán. Lorna Roth, onímọ̀ ará Canada, ti ṣàlàyé pé ẹjọ́ àwọn oníṣòwò ṣokoléètì àti ti àga onígi wà lára ohun tó jẹ́ kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe kí àwọ̀ igi àti ṣokoléètì lè yàtọ̀ síra; ojú aláwọ̀ dúdú bá wọn jẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà náà ní àléébù tirẹ̀, títí dòní. Bí ẹbí kan bá wọ léèsì funfun lọ sí òde, ẹ̀rọ náà yóò rí funfun tó pọ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù: léèsì á dára, ojú á di èédú. Àwọn onífọ́tò òde ní Èkó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ní láti ṣí lẹ́ǹsì sí i, kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ènìyàn, kì í ṣe láti ara aṣọ.

Fọ́tò tí wọ́n bá yà, ibo ló ń lọ? Ní Èkó, púpọ̀ nínú wọn ń gba Ṣómólú kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ ra bébà, Múṣín ni. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Ṣómólú ni. Yábàá, níbi tí Yaba College of Technology ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà àti ìtẹ̀wé, kò jìnnà síbẹ̀. Ní Ṣípéolú, Bájúláyé àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká, ẹnì kan lè ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹlòmíràn ẹ̀rọ ìgébébà, ẹlòmíràn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, ẹlòmíràn ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá dídán bo ojú bébà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ gbogbo wọn kó tó parí, kó má sì kúrò ní òpópónà kan.

Ní November, kàlẹ́ńdà ni gbogbo ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò pásítọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ dé láti orí fóònù. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà yóò pín in sí àwọ̀ mẹ́rin, sáyáànì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, wọ́n á ṣe pléètì kọ̀ọ̀kan fún wọn. Lórí ẹ̀rọ Kord tàbí GTO tó ti dàgbà, tí ó ń tẹ àwọ̀ kan ní ìgbà kan, bébà kan náà ní láti wọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí péré, ètè pásítọ̀ á di méjì. Nítorí náà, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á fa bébà kan yọ, á gbé gíláàsì kékeré lé igun rẹ̀, á wo àgbélébùú tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun ara wọn, á yí nọ́ọ̀bù kan díẹ̀, á tún fa òmíràn. Èyí tó ti bàjẹ́ kó tó bọ́ sípò ni ọmọ ilé ń fi wé àkàrà.

Ṣómólú yìí ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ onífọ́tò ní ẹ̀kọ́ nípa kámẹ́rà tó yẹ kí wọ́n rà. Kí àwòrán tó lè jáde dáadáa lórí bébà, atẹ̀wé ń fẹ́ ẹ̀kán 300 nínú íńṣì kan. Bébà A4 ń fẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 ẹ̀kán. A3 ń fẹ́ bíi mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Fọ́tò tó bá gba WhatsApp wá lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà fi í ránṣẹ́ ti fún pọ̀ gan-an. Ó tó fún káàdì ìpè, kò tó fún kàlẹ́ńdà. Gbólóhùn tí wọ́n ń sọ jù fún oníbàárà níbẹ̀ ni pé kó lọ mú ojúlówó fáìlì wá. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò ní kúrò lórí fóònù kò nílò kámẹ́rà olówó ńlá. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ìrìn-àjò ní láti mọ iye ẹ̀kán tó nílò kó tó kúrò nílé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn onífọ́tò ọmọ ilé ló wá ń kọ ìtàn ìrìn-àjò náà. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó sì fi Berlin ṣe ibùgbé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rin Èkó ní ẹsẹ̀, Rolleiflex lọ́rùn, fíìmù dúdú-àti-funfun nínú rẹ̀. Ẹni tó tẹrí ba tó ń wo inú kámẹ́rà ní àyà kò jọ ẹni tó na nǹkan sí ènìyàn lójú. Nígbà tí etíkun Bar Beach ṣì wà, àwọn èrò ibẹ̀ kì í tún ara ṣe nítorí rẹ̀. Ní 2001, Uche James-Iroha, Kelechi Amadi-Obi, TY Bello, Amaize Ojeikere (ọmọ J. D. 'Okhai) àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀. Ní 2009, Emeka Okereke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Invisible Borders: wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì kan ní Èkó, wọ́n sì fi ilẹ̀ gba ẹnubodè lẹ́yìn ẹnubodè lọ sí Bamako fún àfihàn fọ́tò ibẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Dakar ni. Ní 2011, Addis Ababa. Ìdádúró lẹ́nubodè, àwọn ọlọ́pàá tó ń béèrè ìwé, òru tí ọkọ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì tí ènìyàn bíi mẹ́wàá jọ jókòó sí, ẹni tó gbé àpótí lẹ́ǹsì mẹ́ta wá ń gba àyè ẹlòmíràn.

Bàrígà fúnra rẹ̀ ti di ibi tí kámẹ́rà ń wá. Ìdí kan ni Crown Troupe of Africa, ẹgbẹ́ eré tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ní 1996, tó ń gbé ijó àti eré jáde sójú pópó. Ìdí kejì ni omi. Àwọn tó ń wa yanrìn ń fi ọkọ̀ onígbòkun lọ sáàárín ọ̀sà, wọ́n ń wọ omi lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú garawa, wọ́n ń bu yanrìn sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé wọn padà sí etí omi níbi tí típà ti ń dúró. Láti 1990 tí Afárá Third Mainland ti parí, ọ̀pọ̀ fọ́tò etí ọ̀sà yìí ni wọ́n ń yà láti inú ọkọ̀ tó ń sáré lórí rẹ̀. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, èéfín àti ìgbòkun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti sọ̀ kalẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ náà ní ètò. Ẹni tó bá dé etí omi láìkí ẹnikẹ́ni kò ní pẹ́ rí ìjà. Ẹni tó bá sọ pé “ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá”, tó béèrè ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀, tó jókòó díẹ̀ kó tó yọ kámẹ́rà, ni wọ́n máa ń fún láyè. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 náà wà: ó léèwọ̀ láti ya ibi tí ìjọba dáàbò bò láìgba àṣẹ, sójà tàbí ọlọ́pàá sì lè ka afárá tàbí ọ́fíìsì wọn mọ́ ọn. Drone tún nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ní ti ẹrù, lẹ́ǹsì kan tó rí bí ojú ṣe ń rí, ti mílímítà 35 tàbí 50, ń tó iṣẹ́ ọjọ́ kan ní àdúgbò tí ilé ti sún mọ́ra. Lẹ́ǹsì gígùn ti 70 sí 200 tí àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá ń lò lè wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀, ó ń mú onífọ́tò jìnnà sí ènìyàn, ó sì ń polówó ara rẹ̀ fún olè. Ti 35 kékeré kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀. Bátìrì méjì tó kún ṣe pàtàkì ju lẹ́ǹsì kejì lọ, nítorí iná mànàmáná kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Àpò tí kò jọ àpò kámẹ́rà ló dára jù nínú dánfó.

Ojú ọjọ́ ń bá gbogbo èyí jà. Láti April dé July òjò ń rọ̀, ó tún ń padà ní September àti October; ọ̀rá tó lágbára kò gbọdọ̀ wọ́n nínú àpò. Ẹni tó bá jáde láti inú mọ́tò oní-AC sínú ooru ní láti jẹ́ kí kámẹ́rà rẹ̀ wà nínú àpò fún ìgbà díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì yóò bo lẹ́ǹsì. Bí lẹ́ǹsì bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, èbu ń hù sí inú gíláàsì rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn; àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí àwọn ènìyàn ń jù nù, ń fa ọ̀rinrin náà kúrò. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn wà lókè orí, ojú ihò ojú á ṣókùnkùn. Láti orí omi ni oòrùn ti ń yọ ní Bàrígà, nítorí náà láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ ojú àwọn tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ lọ sí ọ̀sà.

Ìwé kékeré àti bírò náà jẹ́ ara ẹrù. Fóònù àti kámẹ́rà òde òní ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú fáìlì, ọ̀pọ̀ tún ń kọ ibi. Orúkọ ẹni tí wọ́n yà, iṣẹ́ rẹ̀ àti ohun tó sọ, ọwọ́ ló ń kọ ìyẹn. Ní alẹ́, wọ́n ń da fọ́tò sínú ẹ̀rọ méjì kí wọ́n tó pa mẹ́mọ́rì káàdì rẹ́, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀rọ kejì sí àpò mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ fún àwọn awayanrìn ní àwòrán wọn lè gba Ṣómólú padà: ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò, fáìlì tó bá dé láàárọ̀ lè jáde lórí bébà kí ọjọ́ tó rọ̀, kò sì jìnnà láti ibẹ̀ dé etí omi.